Tọ́níkẹ́ẹ̀tì: Kí Ló Dé Tí A Kì Í Rí I Rà?

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ oníròyìn wa ń pín iṣẹ́, ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ohun kan tí gbogbo wa ti rí nínú fíìmù ogun, tí a kì í sì í rí lọ́jà. Tourniquet ni Òyìnbó ń pè é. Èmi yóò máa kọ ọ́ ní tọ́níkẹ́ẹ̀tì, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa ṣe ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá rẹ̀ lè pè é ní ọ̀já ìdáẹ̀jẹ̀dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá gé, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ, a ó so ó sí òkè ojú ọgbẹ́, a ó sì fún un títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi dá.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀? Ẹ wo ibi tí a ń gbé ná. Ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa. Àdá wà nílé gbogbo wa, ẹ̀rọ ìgégi ń dún nínú igbó láàárọ̀ lálẹ́, ọ̀kadà ló ń gbé wa lọ sí oko, àwọn tirélà sì ń sáré lójú títì láti ìhà Kàbbà wá. Ẹ̀jẹ̀ inú ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ, ìyẹn ni pé kò kún kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan tó ṣẹ́ kù. Bí iṣan ńlá tó wà ní itan bá gé, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lè tó láti pa ènìyàn. Ẹ wá ṣírò bó ṣe máa pẹ́ tó kí ọ̀kadà tó gbé ẹni náà láti oko dé ojú títì, kí a tó sọ̀rọ̀ Ìsánlú tàbí ilé ìwòsàn ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀. Kò sí dókítà tó lè sáré bá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wà nítòsí nìkan ló lè ṣe nǹkan kan, ẹni náà sì lè jẹ́ èmi tàbí ìwọ.

Mo wọ ilé kẹ́mísìtì mẹ́rin láti béèrè, méjì nílé níbí, méjì ní Ìsánlú. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Níbi kejì àti ìkẹta, wọ́n dáhùn kíá pé ó wà, wọ́n sì mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ẹ mọ rọ́bà yẹn: òun ni nọ́ọ̀sì máa ń so mọ́ apá wa kí iṣan lè yọ síta nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò tàbí kí wọ́n fi omi sí wa lára. Bí rọ́bà náà kò bá sí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni wọ́n máa ń so. Tourniquet ni orúkọ òun náà lóòótọ́. Àmọ́ orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́ o, iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn jáde lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Èyí wà nísàlẹ̀ nínú ẹran, ó le, agbára ọkàn sì wà lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Èkejì ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn. Òun ló sún mọ́ awọ, ó rọ̀, kò sì gba agbára láti tẹ̀ ẹ́ pa. Rọ́bà nọ́ọ̀sì ń dí ọ̀nà àbọ̀, ó ń fi ọ̀nà àlọ sílẹ̀ gbayawu. Ìdí nìyẹn tí iṣan fi ń wú. Ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so ó mọ́ ẹsẹ̀ tí àdá ti gé, ẹ̀jẹ̀ á máa wọlé, kò ní rí ọ̀nà padà, ojú ọgbẹ́ ni yóò gbà jáde. Ẹ ti fi kún ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù nìyẹn, ẹ sì rò pé ìrànlọ́wọ́ lẹ ń ṣe.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi tí owó àti dókítà pọ̀ sí. Ní 15 April 2013, bọ́ǹbù bú níbi eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Tọ́níkẹ́ẹ̀tì 27 ni wọ́n so mọ́ àwọn tó fara pa níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tí ilé iṣẹ́ ṣe nínú wọn. Rọ́bà, bẹ́líìtì àti aṣọ tí ọwọ́ bá ni. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà àbọ̀ nìkan ló dí. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní October 2015, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Stop the Bleed láti kọ́ ará ìlú lásán, kódà àwọn ọmọ ilé-ìwé, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó ní nǹkan méjì tí rọ́bà kò ní. Àkọ́kọ́, ó fẹ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kó fẹ̀ tó ìka méjì, kó lè tẹ ẹran láìgé e. Okùn tàbí wáyà á kàn bọ́ sínú ẹran ni. Èkejì, ó ní ọ̀pá kékeré kan tí a fi ń lọ́ ọ. Ẹ wo bí ìyá wa ṣe ń fún aṣọ lẹ́yìn tó fọ̀ ọ́ tán: bó ṣe ń lọ́ ọ ni omi ń já. Lílọ́ yẹn ló lágbára tó láti tẹ iṣan àlọ tó wà nísàlẹ̀ mọ́ eegun. Ọwọ́ tí a kàn fi fa okùn kò lè ṣe é, bó ti wù kí a lágbára tó.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Étienne Morel, ará Faransé, ti fi igi lọ́ aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ sójà lójú ogun Besançon ní 1674. Ní 1718, oníṣẹ́ abẹ kan ní Paris, Jean-Louis Petit, ṣe èyí tó ní ìdè onírin tí a ń yí. Òun ló fún un lórúkọ, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí «yí». Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà kò fẹ́ kí ará ìlú fọwọ́ kàn án, torí wọ́n ní ó ń pa ẹsẹ̀ run. Ogun Iraq ló yí wọn lọ́kàn padà. Ní ilé ìwòsàn ológun Amẹ́ríkà tó wà ní Baghdad ní 2006, wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ènìyàn 232 tí wọ́n so tọ́níkẹ́ẹ̀tì fún. Nínú àwọn tí wọ́n so ó fún kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti dànù, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló yè. Nínú àwọn tí wọ́n dúró di ìgbà tí ara ti tutù kí wọ́n tó so ó, ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á.

Ó yá, ọjà. Èyí tí ayé mọ̀ jù lọ ni wọ́n ń pè ní CAT. South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún 2005 sì ni àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún ọmọ ogun wọn. Owó ẹyọ kan níbẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là 30. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, ₦45,000 nìyẹn. A kò tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó kó o wọlé. Ẹ rántí pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024. Kí náírà tó já ní June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà náà, nǹkan náà ìbá má ju ₦14,000 lọ. Ohun kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é, wọn kò fi nǹkan kan kún un. Náírà wa ló rù.

Àmọ́ owó nìkan kọ́ o. Bàbá tó ni ilé kẹ́mísìtì kẹrin tí mo wọ̀ ní Ìsánlú nìkan ló mọ èyí tí mo ń sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: «Ọmọ mi, láti ọdún tí mo ti ń tajà níhìn-ín, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Ṣé kí n wá fi owó àpò páńdọ́ọ̀lù mẹ́ta ra ohun tí yóò máa wò mí lórí pẹpẹ?» Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé Ìlọrin àti Lọ́kọ́ja ni àwọn ti ń ra ọjà, àwọn tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wọn náà ń lọ sí Ìdúmọ̀tà ní Èkó tàbí ọjà Head Bridge ní Onitsha. Bí ìbéèrè kò bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, ọjà kò ní ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ní, nígbà tí NAFDAC ti Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa ní February 2025 láti wá ayédèrú oògùn, oògùn ibà pàápàá wọ́n lọ́wọ́ àwọn, ká má tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. A máa ń bú àwọn oníkẹ́mísìtì pé wọn kò ní nǹkan kan. Ẹni tí kò ní oníbàárà, kí ló fẹ́ ṣe?

Àwọn kan á ní, ṣebí orí fóònù la ti ń ra nǹkan báyìí? Òótọ́ ni, mo wò ó. Tọ́níkẹ́ẹ̀tì pọ̀ níbẹ̀ bí erùpẹ̀. Àwòrán rẹ̀ jọ CAT bí ìbejì, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin ti gidi. Ẹ ṣọ́ra fún un o! Ayédèrú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ré owó rẹ̀ jẹ ni ọ̀pá tí a fi ń lọ́ ọ. Ike lásán ni wọ́n ń fi ṣe é. Bí ẹ bá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á tẹ̀, nígbà mìíràn á ṣẹ́, kí iṣan tó dí rárá. Òmíràn, ibi tí ọ̀já ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ló ń tú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti rin ín. Aago ayédèrú, bó bá dúró, a ó pẹ́ dé ibi tí à ń lọ ni. Ti ọ̀já yìí kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ ti gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ ti mú ọwọ́ kúrò lójú ọgbẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ayédèrú yìí ń dààmú. Nígbà tí ogun Ukraine le sí i ní 2022, gbogbo ayé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń wá tọ́níkẹ́ẹ̀tì rà, àwọn ayédèrú ọjà sì bá ti gidi wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn náà dìde, wọ́n ń ṣe é nílé. Èyí tó tilẹ̀ wù mí jù ni ti Gaza. Ibẹ̀, ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé nítorí ẹnubodè tí wọ́n tì. Dókítà kan tó ń jẹ́ Tarek Loubani, tó ń gbé ní Kánádà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Glia, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde láti inú ike ṣe àwọn ẹ̀yà rẹ̀, àwọn aránṣọ sì ń rán ọ̀já rẹ̀. Ní May 2018, ìbọn ba dókítà náà fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tó fara pa. Gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè rí i kọ́.

Nígbà tí mo ka èyí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan fò sókè pé kí àwa náà rán tiwa, pé ṣebí okùn báàgì ilé-ìwé ló jọ, káfíńtà á sì gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àwọn ará Gaza ṣe é, wọ́n dán an wò, wọ́n rí ibi tó ti ń ṣẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún dán an wò. Bí àwa bá kàn rán an tí a gbé e sínú àpótí, ayédèrú tiwa náà la ṣe yẹn. Bí olùkọ́ físíìsì wa bá fẹ́ kí a fi ìwọ̀n dán an wò ní láàbù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, màá wà níwájú.

Kí la lè ṣe nísinsìnyí? Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìyá ọmọ kíláàsì wa jókòó tì mí fún wákàtí kan. Àkọ́kọ́, ọwọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú ọgbẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ìwọ̀n ara yín lé e, ẹ má sì máa ṣí i wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ìyẹn nìkan ń dá. Bí kò bá dá, tó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, ẹ wá ọ̀já. Gèlè, ìborùn tàbí aṣọ tí a ká dé ìwọ̀n ìka mẹ́ta dára. Ẹ so ó sí òkè ọgbẹ́, kó fi nǹkan bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin jìnnà sí i, kó má bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ fi igi tó le sí orí kókó rẹ̀, ẹ tún kókó kejì ta lé e, ẹ wá máa yí i títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí ẹ so orí igi náà mọ́lẹ̀. Bírò á ṣẹ́. Igi tó nípọn tó àtàǹpàkò ni kí ẹ wá. Yóò dun ẹni náà gan-an, á máa pariwo pé kí ẹ tú u. Ẹ má tú u. Ẹ kọ àkókò tí ẹ so ó sílẹ̀, kódà sí iwájú orí rẹ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa béèrè nìyẹn: bó bá ti kọjá wákàtí méjì, ewu ẹsẹ̀ yẹn ń pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọrùn o, mo mọ àwọn aláwàdà tó wà ní SS1.

Ọ̀rọ̀ ejò gbọ́dọ̀ wọ ibí yìí, torí a máa ń so nǹkan níbẹ̀ náà. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán lóko, ohun tí àwọn àgbà wa máa ń ṣe ni kí wọ́n fa aṣọ ya kí wọ́n sì fún ẹsẹ̀ náà pinpin. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Oró àwọn ejò bíi paramọ́lẹ̀ ń jẹ ẹran run. Bí ẹ bá sé e mọ́ ojú kan, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ ẹran náà, ẹsẹ̀ tí kò bá ti gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú á sì kú. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Oògùn oró ejò náà, òkè òkun ló ti ń wá: Costa Rica àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe àwọn tí Nàìjíríà ń lò jù. Ìyẹn á ní àròkọ tirẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹni tó fara pa, ọlọ́pàá á mú wọn, tàbí ilé ìwòsàn á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó. Òfin ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin ti 2017 sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Ní 5 June 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn, ó tó ogójì ènìyàn tó kú. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí ilẹ̀ Òkun. Nọ́ńbà Road Safety ni 122, ti pàjáwìrì gbogbo ni 112. Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé yín.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ilé-ìwé àti ìpàdé àwọn òbí ni tọ́níkẹ́ẹ̀tì gidi méjì, kì í ṣe mẹ́wàá olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀kan á wà nínú àpótí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé pílásítà, ayodíìnì àti sísọ́ọ̀sì kan tó ti dípẹtà ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Èkejì á jẹ́ ti ìdánrawò, torí èyí tí a bá ti ń lọ́ láti fi kọ́ra, kò yẹ kí a tún gbé e lé ẹ̀mí ènìyàn. Bí ọmọ ilé-ìwé 300 bá dá ₦200 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦60,000 nìyẹn. Ó lè tó ra ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tó èkejì rárá. Bàbá oníkẹ́mísìtì ti ní bí a bá kó owó náà wá, àwọn á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí àwọn gbẹ́kẹ̀ lé ní Èkó, a ó sì yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò lójú wọn kí a tó gbà á.

Ní Friday, lẹ́yìn eré ìdárayá, nọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn yóò wá sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì JSS3 láti fi bí a ṣe ń tẹ ọgbẹ́ àti bí a ṣe ń lọ́ ọ̀já hàn wá. Kí olúkúlùkù mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti igi kan tó nípọn tó àtàǹpàkò dání.